Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso LASUSTECH, Ìkòròdú: ẹ má jẹ́ kí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀ ní 2022

Sí Gíwá, Ìgbìmọ̀ Alábòójútó àti Sẹ́nétì Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Odogúnyàn, Ìkòròdú.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Mo wà lára àwọn tó kàwé jáde nínú ọgbà tí ẹ wà yẹn nígbà tó ṣì ń jẹ́ Pólì, Lagos State Polytechnic. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ti jáde, Ìkòròdú yìí náà ni mo sì ń gbé, tí mo ti ń jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn yunifásítì yìí, tí ẹ sì ń dá àwọn àṣà tí àwọn ọmọ yóò máa bá níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kà á láti 2022. Ẹ kà á láti 1977, ọdún tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tó di Pólì sílẹ̀.

Ọdún 2022 ni Gómìnà Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin tó sọ Pólì di yunifásítì, inú gbogbo wa ló sì dùn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ohun tí mo ti rí tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó dàgbà jù wá lọ, tó sì lókìkí jù wá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ bi ọmọ girama èyíkéyìí pé ìgbà wo ni yunifásítì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kíá ni yóò dá yín lóhùn pé 1948, ní Ìbàdàn. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi í pé àwọn wo ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ibo ni wọ́n sì ti kó wọn wá. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, Èkó níhìn-ín ni wọ́n sì ti kó wọn lọ, láti Higher College tó wà ní Yaba. Wọn kò tíì kọ́ ilé kankan dè wọ́n. Ilé-ìwòsàn tí àwọn ọmọ ogun lò nígbà ogun Hitler ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kó wọn sí. Ibi tí àwọn sójà ti dùbúlẹ̀ àìsàn ni wọ́n wá tẹ́ tábìlì àti àga sí kí ọmọ ènìyàn lè kàwé. Ọ̀gá àgbà wọn, Kenneth Mellanby, onímọ̀ kòkòrò ni, iṣẹ́ tó ṣe lórí èkúrú, àìsàn ara yíyún, láàárín ogun ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Oṣù kọkànlá, ọjọ́ 17, ọdún 1948, ni Arthur Creech Jones, mínísítà ìlú ọba tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń mú sìn, wá fi ṣọ́bìrì ṣí ilẹ̀ ibi tí ọgbà gidi máa wà, lórí ilẹ̀ tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn yọ̀ǹda. Títí di òní, ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá yẹn ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ ìdásílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Yaba tó bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ta ló ń rántí rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ Yaba kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ. Ní 1934 ni ìjọba ṣí i ní gbangba. Ó kọ́ àwọn tó ń ṣègùn, ó kọ́ tíṣà, ó kọ́ ẹnjiníà, ó kọ́ àwọn tó mọ̀ nípa oko àti igbó. Ohun tó ṣe é kò ju pé ìwé-ẹ̀rí tó ń fún wọn kì í ṣe digírì. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, igbákejì dókítà ni ìjọba ń kà á sí. Àwọn ọmọ Èkó kò gbà. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya, ẹni tó padà jọba ní Ìṣarà tí kò jìnnà sí wa yìí, ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún 1934 yẹn, ọ̀rọ̀ Yaba sì wà lára ohun tó gbé wọn dìde. Ẹgbẹ́ yẹn ló di Nigerian Youth Movement, tó sọ òṣèlú Èkó di nǹkan mìíràn. Gbogbo ariwo tí a wá ń pè ní ìjà òmìnira, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé HND, ìwé-ẹ̀rí gíga ti Pólì, rìn rí ní orílẹ̀-èdè yìí kò nílò kí n ṣàlàyé. O kàwé, o ṣe ìdánwò, o sin ilẹ̀ bàbá rẹ. O dé ibi iṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbà ọ́ sí abẹ́ ẹni tó ní digírì, ó sì di ìpele 14 kan, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí o dúró sí. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ Yaba ní 1934 ni wọ́n ń ṣe fún wa. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Bí yunifásítì tuntun bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ yẹn kí digírì tó dé, òun náà ti bá wọn fọwọ́ sí i pé ẹni tó gba HND kò ka ìwé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà kan sì ti gbà á ṣáájú wa. Fourah Bay ní Freetown, níbi tí Àjàyí Crowther ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, láti 1827 ló ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà àti oníwàásù ni. Kò sí digírì kankan. Ọdún 1876 ni wọ́n tó so ó mọ́ Yunifásítì Durham tí digírì fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló wà láàárín rẹ̀, wọn kò sì gbé e sọnù. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wa.

Tiwa rèé. Lọ́dún 1977 ni òfin dá Lagos State College of Science and Technology sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LACOTECH. Oṣù kìíní ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìsọlọ̀, ní ibùdó tí wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ yẹn pẹ́. Ní 1986 ni orúkọ yí padà sí Lagos State Polytechnic. A ní ọgbà ní Ìsọlọ̀, a ní ní Sùúrùlérè, a sì ní èyí tó tóbi jù ní Ìkòròdú, níbi tí ẹ̀ka àgbẹ̀ wà, kí ó tó di pé ibí di orí fún gbogbo rẹ̀. Títí di àkókò yìí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti ìgboro Ìkòròdú sí ọ̀nà Ṣàgámù, Laspotech First Gate ni kọ́ńdọ́ ń pè. Ẹnu àwọn ará ìlú kò tíì gbàgbé.

Àwọn tó wọlé sí Ìsọlọ̀ ní 1978 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn kan ti lọ. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Àrọ́bá náà kì í pẹ́ dànù bí kò bá sí ẹni tó ń gbà á sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú nǹkan tó lè ṣòfò. Nígbà tí a wà ní ẹ̀ka àgbẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ fún wa, oníkálùkù pẹ̀lú pulọ́ọ̀tì tirẹ̀. Kùtùkùtù la ti ń wà níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. A ó gbá èèkàn mọ́lẹ̀, a ó ta okùn, a ó kọ ebè tẹ̀lé okùn, ẹni tí ebè rẹ̀ bá wọ́, wọ́n á ní kó tú u kọ. Bàbá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko yẹn. Kò ka ìwé tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe olùkọ́ nínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n òun la máa ń wá kí a tó gbin nǹkan. Á bu yẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fún un pọ̀, á tún la ọwọ́. Bí yẹ̀pẹ̀ náà bá dúró gírígírí bí ẹ̀kọ, á ní omi ti pọ̀ jù, kí a dúró di ọ̀túnla. Bó bá fọ́ sí méjì mẹ́ta, á ní kí a máa gbin lọ. Olùkọ́ wa tó ní ìwé-ẹ̀rí ńlá fúnra rẹ̀ á dúró tì í, á ní kí a kọ ohun tí bàbá ń sọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí àgbàdo bá gbó, àwọn ìyá láti Odogúnyàn àti Sábó á ti dé sẹ́nu pulọ́ọ̀tì, wọn á máa ṣí èèpo wò, wọn á máa bá wa nájà. Owó yẹn lọ sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìnájà wà lára wa.

Ibo ni bàbá yẹn wà nínú ìtàn yunifásítì? Ibo ni àwọn tó kọ́ wa ní wẹ́dà, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní wọ́kísọ́ọ̀bù, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ìdánwò lórí stencil kí kọ̀ǹpútà tó dé? Bí ẹ bá ka ìtàn láti 2022, kò sí ibi tí wọ́n lè wọlé sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìbàdàn, torí ọ̀rọ̀ àṣà wà níbẹ̀ tó yẹ kí a wò dáadáa.

Àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fojú Yaba wò wọ́n. Wọ́n bá so ó mọ́ Yunifásítì London. London ló ń bá wọn fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, London ló ń fún wọn ní digírì, títí tí Ìbàdàn fi dá dúró ní 1962. N kò rí àléébù kan nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n digírì London kò dá wá, ó mú ẹ̀mẹwà lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ gáùn lé aṣọ nínú ooru Ìbàdàn lọ sí oúnjẹ alẹ́ ńlá. Àwọn olùkọ́ jókòó sí tábìlì tiwọn lókè, àwọn ọmọ jókòó sísàlẹ̀. Ìránṣẹ́ ń gbé oúnjẹ fún wọn, ìránṣẹ́ ń tún yàrá wọn ṣe. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àmì ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé tó bá dé ibẹ̀, kó tó ọdún kan, yóò ti máa retí kí ẹlòmíràn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Lójú tèmi, ohun tó burú jù nínú àṣà tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn: ó ń kọ́ ọmọ láti tijú ilé tó ti wá.

Ohun tí wọn kò yá ni ó dára jù. Maxwell Fry àti Jane Drew tó ya àwọn ilé yẹn, òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó ya ilé. Wọ́n fi báńkónì gígùn sí i, wọ́n lu ihò sára ògiri kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba inú yàrá kọjá. Ẹni tó bá ti sùn sí họ́ọ̀lù Mellanby tàbí Tedder lóru mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ilé náà ṣì wà. Gáùn alẹ́ ti lọ, ìránṣẹ́ ti lọ. Ìfẹ́ tí ọmọ Ìbàdàn ní sí họ́ọ̀lù tó gbé kò lọ: àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á ṣì sọ fún yín pé Kutite, ọmọ họ́ọ̀lù Kuti, ni òun, á sì gbé orí sókè.

Kuti yẹn, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni wọ́n fi sọrí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó lọ sí Abẹ́òkúta, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT. Ó tún wà nínú Ìgbìmọ̀ Elliot tí wọ́n yàn ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo ti tó gbogbo wa. Bí tiwọn bá ṣẹ, a ò mọ bí nǹkan ì bá ṣe rí. Ọmọ tó bá ń gbé Kuti, tí ẹnì kan bá jókòó sọ ìtàn orúkọ náà fún un, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láìsí olùkọ́.

Ẹ fún àwọn ọmọ tiwa ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìkòròdú kò ṣaláìní. T. O. S. Benson wà, lọ́yà tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà tí a gba òmìnira. Adéníran Ògúnsànyà wà, mínísítà lòun náà, ó sì mójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. S. O. Gbàdàmọ́sí wà, oníṣòwò tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, tó sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ Action Group. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wà nínú NCNC, ẹ̀kẹta sì wà nínú ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni ẹ̀ ń ṣe. Ẹ má sì ṣe fi gbogbo rẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn wọ́kísọ́ọ̀bù tàbí ilé oko jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ kan tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn. Mo fẹ́ kí họ́sítẹ́ẹ̀lì kan máa jẹ́ LACOTECH, kí ọmọ tuntun lè béèrè pé kí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ibi-ìkàwé náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé tí Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ láíbìrì rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ilé ọmọ Èkó kan wá. Henry Carr ni. Ọdún 1863 ni wọ́n bí i l’Ékòó, ó kàwé ní Fourah Bay, ó di òṣìṣẹ́ àgbà nídìí ètò ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn òyìnbó kì í fẹ́ gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ló kó jọ sínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ní 1945, ìjọba ra àwọn ìwé náà, Ìbàdàn ni wọ́n sì bá lọ. Ẹnì kan ṣoṣo! Ìkòròdú kún fún àwọn tíṣà àtijọ́, lọ́yà, imáàmù, àlùfáà, tí ìwé kún ilé wọn, tí àwọn ọmọ wọn yóò sì tà á fún ẹlẹ́pà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún. Bí yunifásítì bá sọ fún wọn pé òun ń gbà á, pé òun yóò kọ orúkọ bàbá wọn sára pẹpẹ ìwé, wọn á gbé e wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ronú nípa ohun tí àwọn ọmọ máa fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, torí wọn kò ní jókòó lásán. Ní Ìbàdàn ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń fi ẹ̀sín ṣe àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó, wọ́n sì kọ ẹ̀yàmẹ̀yà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kò burú. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn mìíràn fi àpẹẹrẹ wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó gbé àdá àti ìbọn, gbogbo wa ní Ìkòròdú la sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń mú ìyá sunkún. Ọ̀dọ̀ Ìbàdàn yẹn náà ni J. P. Clark ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì The Horn ní 1958, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibi kan náà, irú ọmọ kan náà. Ẹ fún àwọn ọmọ wa ní ìwé ìròyìn tiwọn, ẹ fún wọn ní ilé eré, ẹ fún wọn ní ìdíje láàárín àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó fúnra wọn wá nǹkan nínú òkùnkùn.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìgbàwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n á wọ gáùn, wọ́n á búra, wọ́n á ya fọ́tò. Ó dára. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wọn, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá kọ́ ìṣirò owó tàbí ẹni tó wá kọ́ kọ̀ǹpútà, kọ ebè kan nínú oko yunifásítì kó sì gbin nǹkan kan sí i. Kí òṣìṣẹ́ oko kọ́ wọn, kí Gíwá náà mú ọkọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kórè, kí wọ́n sè é jẹ ní ọjọ́ ìdásílẹ̀. Kò sí yunifásítì kan ní London tó lè sọ pé a wo tòun kọ́ ọ, àwọn àgbà Pólì tó bá sì wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò mọ̀ pé ilé àwọn ni àwọn wà. Ẹ pe Ayangbúrẹn, ọba Ìkòròdú, àti Ọba Odogúnyàn sí i, orí ilẹ̀ wọn náà ni.

Kí ọjọ́ ìdásílẹ̀ náà lè dúró, ẹ kọ ọdún 1977 sínú kàlẹ́ńdà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ẹ pe àwọn tó gba ND àti HND ní akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì yìí ní gbangba, kí ẹ sì fún wọn ní àga nínú ìpàdé. Ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan láti ibi-ìkàwé, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn tó wà ní Ìsọlọ̀ ní 1978, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, gétímáànù, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ní Yorùbá bí wọ́n bá fẹ́. Iṣẹ́ yìí kò le dúró de ìsúná ọdún mìíràn.

Àwọn fọ́tò wà lọ́wọ́ wa, ìwé ìdánwò wà, káàdì ìdánimọ̀ LACOTECH wà, ìwé tí a ti ń kọ oye àgbàdo tí a tà sílẹ̀ wà pẹ̀lú. Àwọn mìíràn tí mo mọ̀ ní Ìgbógbó, Àgùnfọ́yè àti Ìmọ̀tà ní tiwọn. Ẹ kàn sọ yàrá tí a ó gbé e wá fún wa, àti ẹni tí a ó fà á lé lọ́wọ́ tí yóò fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́jáde Pólì, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀,
Ìkòròdú.